Ta Ló Ń Sùn Tì Wọ́n Lóru?

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Òṣogbo. Yàrá tí a ti ń wẹ egbò ni mo ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀, nítorí egbò kì í purọ́. Aláìsàn lè ní òun ń jẹun dáadáa, ó lè ní òun ń lo òògùn òun déédéé, ó lè ní ara òun ti mókun. Bí a bá ti tú báńdéèjì, a ó rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an.

Àwọn ohun tó ń mú kí egbò pẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Ìtọ̀ ṣúgà la máa ń kọ́kọ́ wá. A ó wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn dé ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ. A ó béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn ní, nítorí egbò ẹsẹ̀ máa ń yọ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS lẹ́nu púpọ̀. A ó béèrè nípa sìgá, nípa oúnjẹ, bóyá ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà ń wọnú rẹ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ti kápúsù níbí: ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń já kápúsù, tí wọ́n ń da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Ìyẹ̀fun náà á gan mọ́ ọn lórí, egbò á sì máa jẹra lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a ó yẹ̀ wò látòkè délẹ̀ tí a kò ní rí ọ̀kankan nínú gbogbo èyí. Ṣúgà wọn dáa, ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ wọn, egbò wọn mọ́ tónítóní, síbẹ̀ kò pa ojú dé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣàkíyèsí wọn, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní aláìsàn mìíràn nílé tí wọ́n ń tọ́jú. Ìyá kan ló la ojú mi sí i. Mo ti yí díẹ̀ padà nínú ìtàn wọn kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.

Aláró ni wọ́n, apá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ń gbé. Wọ́n fi ojúgun gbá búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n ń gbé ìkòkò. Egbò náà kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọwọ́ wọn dúdú fún aró títí dé ọrùn ọwọ́, ṣùgbọ́n ojú egbò náà pupa, ó ń dán, etí rẹ̀ wú díẹ̀, kò rùn, kò jẹra, kò sì sún kì. A ti wọn ṣúgà wọn kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. A tún un wọ̀n, bákan náà ni. Dókítà wo iṣan ẹsẹ̀ wọn, ó ní ó ń lù dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sùn lọ lórí àga. Egbò ojúgun kì í ṣe egbò tí èèyàn ń sùn lé lórí bí wọ́n bá ń fọwọ́ kàn án. Mo rọra jí wọn.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ṣé ẹ ò sùn lánàá ni?”

“Nọ́ọ̀sì, oorun wo? Ṣé Bàbá á jẹ́ kí n sùn ni?”

Ọkọ wọn ti ń ṣarán. Òṣìṣẹ́ réluwéè ni Bàbá nígbà ayé iṣẹ́ wọn, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Tó bá di òru, wọ́n á dìde, wọ́n á wá bàtà, wọ́n á ní ọkọ̀ ojú irin ti fẹ́ gbéra, kí wọ́n má fi àwọn sílẹ̀. Bí ìyàwó bá dá wọn dúró, wọ́n á bínú, nígbà mìíràn wọn kì í dá a mọ̀.

“Ta ló ń sùn tì wọ́n lóru?”

“Èmi náà ni.”

“Ọ̀sán ńkọ́?”

“Èmi náà ni, ọmọ mi. Ta ni ì bá tún jẹ́? Àwọn ọmọ wà l’Ékòó, àbíkẹ́yìn wà ní Ìbàdàn. Wọ́n ń fowó ránṣẹ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn.”

Mo ti kà nípa ìwádìí kan lórí irú ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọjọ́ yẹn ló tó yé mi pé ohun tí mò ń kà ló jókòó síwájú mi.

Janice Kiecolt-Glaser àti ọkọ rẹ̀, Ronald Glaser, ló ṣe ìwádìí náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ohio State University ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn àti ìṣesí ẹ̀dá, ọkọ jẹ́ onímọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì àti bí ara ṣe ń dènà àrùn. Ọdún 1995 ni wọ́n gbé e jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Wọ́n kó obìnrin 13 jọ tí wọ́n ń tọ́jú ará ilé wọn tó ń ṣarán. Wọ́n wá obìnrin 13 mìíràn tí ọjọ́ orí wọn àti owó tó ń wọlé fún wọn bá ti àwọn àkọ́kọ́ mu, ṣùgbọ́n tí kò sí aláìsàn lọ́rùn wọn. Wọ́n dá egbò kékeré sí gbogbo wọn lápá, irinṣẹ́ kan náà, ìwọ̀n kan náà, mílímítà 3.5 péré. Wọ́n wá ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ń yà á ní fọ́tò, wọ́n sì ń kán hydrogen peroxide sí i. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ wa rí á mọ omi yẹn dáadáa: bí egbò bá ṣì ṣí sílẹ̀, á máa hó yẹ́ẹ́. Ọjọ́ tí kò bá hó mọ́ ni wọ́n kà sí ọjọ́ tí egbò jiná.

Àwọn tí kò tọ́jú ẹnikẹ́ni, bí a bá ro ọjọ́ wọn pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ọjọ́ 39.3 ni egbò wọn fi jiná. Ti àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn jẹ́ ọjọ́ 48.7. Ó lé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ẹlòmíràn lè ní kí ni ọjọ́ mẹ́sàn-án jẹ́. Ojú nọ́ọ̀sì ni mo fi ń wò ó. Egbò tí wọ́n dá nínú yàrá ìwádìí nìyẹn, ó mọ́, ó kéré, oníṣègùn ń ṣọ́ ọ. Ẹ wá fi irú ọjọ́ mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀ kún ọjọ́ egbò ẹni tó ń bọ ẹsẹ̀ sínú omi eérú àti kọ́ọ́sítíìkì nídìí ìkòkò aró. Gbogbo ọjọ́ tí egbò bá fi ṣí sílẹ̀ ni kòkòrò fi ń rí ọ̀nà wọlé.

Báwo ni ohun tó wà lọ́kàn èèyàn ṣe wá ń dé ojúgun? Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa nìyí. Bí ewu bá yọ, tàbí tí ọkàn kàn gbà pé ewu wà, ìròyìn á dé apá kan nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ hypothalamus. Á ránṣẹ́ sí pituitary tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ. Pituitary á ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá adrenal, ẹran kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín wa. Adrenal ló ń da adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú kí àyà já kí ọkàn sì máa sáré, òun náà ló ń da cortisol.

Cortisol kì í ṣe ọ̀tá. Òun ló máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wa ní ìdájí kí a lè jí dìde. Òògùn bíi prednisolone, hydrocortisone àti dexamethasone, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là, pàápàá àwọn tó ní ikọ́ fée. Ohun tó mú wọn wúlò ni pé wọ́n ń pa ara wíwú. Gbogbo nọ́ọ̀sì ló sì mọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó bá lo prednisolone púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́, egbò rẹ̀ kì í tètè jiná, àrùn sì máa ń tètè ràn án. Bí tinú ìgò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo ohun tí tinú ara lè ṣe bó bá ń ṣàn tọ̀sán tòru láìdáwọ́ dúró.

Kí egbò tó lè jiná, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wú. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kò mọ èyí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú egbò á pupa, á gbóná, á wú díẹ̀, nítorí àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun, tí a máa ń pè ní ọmọ ogun ara, ń rọ́ wá síbẹ̀ láti pa kòkòrò kí wọ́n sì kó ìdọ̀tí kúrò. Lẹ́yìn iṣẹ́ wọn ni ẹran tuntun tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ara ní àwọn èròjà tó fi ń pè wọ́n wá, ọ̀kan nínú wọn ni interleukin-1. Bí cortisol bá pọ̀, ìpè náà á rẹlẹ̀. Kiecolt-Glaser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ funfun àwọn obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn yẹn, wọ́n sì rí i pé agbára rẹ̀ láti pèsè interleukin-1 ti dín kù.

Ẹlòmíràn lè rò pé àwọn tó ti dàgbà nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 1998, Phillip Marucha àti Kiecolt-Glaser pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn kan ṣe ti àwọn ọ̀dọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín 11 ni wọ́n lò. Wọ́n dá egbò mílímítà 3.5 sí àjà ẹnu wọn nígbà ìsinmi, wọ́n tún dá irú rẹ̀ sí apá kejì ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìdánwò. Egbò ìgbà ìdánwò pẹ́ ju ti ìgbà ìsinmi lọ ní ìdá 40 nínú 100, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí tirẹ̀ yá. Ìpèsè interleukin-1 nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fi ìdá 68 nínú 100 wálẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n o, ara wọn le. Nígbàkígbà tí ìdánwò bá sún mọ́ ní Òkè-Báálẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ọ̀fìnkìn àti eéwo, àwọn ọmọ 11 yẹn ni mo máa ń rántí.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bẹ̀rù gbogbo ìjáyà. Firdaus Dhabhar ṣe ìwádìí lórí eku, ó sì fi hàn pé másùnmáwo tí kò pẹ́, ti ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí wákàtí díẹ̀, lè mú kí ara múra sí i: ẹ̀jẹ̀ funfun á kó ara rẹ̀ jọ lọ sí awọ ara, níbi tí ọgbẹ́ ti lè ṣẹlẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí ajá ń lé nílò kí ara rẹ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀. Èyí tó ń bani jẹ́ ni èyí tí kò lópin. Hans Selye ti rí nǹkan bẹ́ẹ̀ lára eku ní Kánádà láti ọdún 1936: àwọn eku tí wọ́n ni lára léraléra, adrenal wọn tóbi sí i, ikùn wọn ní egbò, thymus tó wà láyà, níbi tí apá kan ẹ̀jẹ̀ funfun ti ń gbó, sì súnkì.

Iṣẹ́ Sheldon Cohen ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “pípẹ́” yìí dá mi lójú. Ní ọdún 1991, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Salisbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn 394 tí ara wọn dá ló yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè bí ayé ṣe ń lọ fún wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n kán fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn sí wọn nímú, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Bí wàhálà tó wà lọ́rùn èèyàn ṣe pọ̀ tó ni ọ̀fìnkìn ṣe rọrùn fún un láti kó tó. Nígbà tí ó tún ṣe òmíràn pẹ̀lú èèyàn 276 ní ọdún 1998, ó rí i pé wàhálà tí kò tíì pé oṣù kan kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó ti pé oṣù kan tàbí tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń ṣiṣẹ́ ibi, pàápàá àìríṣẹ́ṣe àti gbọ́nmi-si-omi-ò-to láàárín ará ilé tàbí ọ̀rẹ́.

Ní ọdún 2012 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣàlàyé ohun kan tó ti ń rú mi lójú. Bí cortisol bá ń pa ara wíwú, kí ló dé tí ara ẹni tí wàhálà pọ̀ fún tún máa ń wú síbẹ̀, tí etí egbò Ìyá Aláró wú láìjiná? Wọ́n rí i pé bí cortisol bá pẹ́ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Bí ọmọ tí wọ́n ń jágbe mọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá yá, igbe náà kò ní jọ ọ́ lójú mọ́. Ara kò wá ní mọ ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ìjà, kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ti àwọn tó ń polówó àgúnmu àti ìgò kan pé ó ń “gbé agbára ara sókè.” Ètò ara ló dàrú. Gbígbé sókè nìkan kọ́ ni yóò tún un ṣe.

Èyí ló mú mi dé ibi tó ká mi lára jù. Bí èèyàn bá wà nínú irú ipò tí Ìyá Aláró wà, ohun tí gbogbo ayé máa ń sọ fún un ni pé “ẹ má ronú mọ́.” Dókítà á sọ ọ́, pásítọ̀ á sọ ọ́, àlùfáà á sọ ọ́, aládùúgbò á sọ ọ́ lórí ìyànjú. Mo gbà pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń dìde lóru tó ń wá ọkọ̀ ojú irin, báwo ló ṣe fẹ́ dáwọ́ ìrònú dúró? Kì í ṣe pé ó jókòó tó ń ro èròkérò. Ẹrù ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀, à á bá a sọ̀ ọ́ ni, a kì í ní kó má mọ̀ pé ó wúwo. Bí a bá ní kó má ronú, tí egbò rẹ̀ kò wá jiná, ó lè gbà pé òun ló jẹ̀bi, á sì fi ìyẹn kún un.

Mo bi Ìyá bóyá mo lè bá àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n rò ó, wọ́n ní kí n dúró di àsìkò Ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, pé gbogbo wọn ń bọ̀ wálé nígbà náà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n tan iná olójúmẹ́rìndínlógún ní ààfin, wọ́n pè mí, mo sì lọ bá wọn nílé lẹ́yìn iṣẹ́.

Bọ̀dá tó jẹ́ àkọ́bí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ò jẹ ìyá àwọn níyà, pé owó kì í yẹ̀ lóṣooṣù. Òótọ́ ni. Àbúrò wọn obìnrin ní owó kì í sùn ti èèyàn lóru. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ẹnì kan ní ṣé nítorí pé òun ni obìnrin ni wọ́n ṣe fẹ́ kí òun fiṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń wo ẹnu gbogbo wa, wọ́n sì ń fọwọ́ pa etí aṣọ wọn. Ìyá kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí èjìká wọn bó ṣe ń ga sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ti ìwádìí mìíràn tí àwọn Glaser ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2005. Tọkọtaya 42 ni wọ́n gbà sílé ìwòsàn fún wákàtí 24, nígbà méjì. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan fa awọ apá wọn títí ó fi lé ròrò. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí tọkọtaya náà bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú. Nígbà kejì, wọ́n ní kí wọ́n jíròrò lórí ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìjà, ojú egbò pẹ́ kó tó pa dé. Àwọn tọkọtaya tó jẹ́ pé èébú àti ìkanra ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí egbò tiwọn ṣe ń yára jiná tó kò ju ìdá 60 nínú 100 ti àwọn tó ń fi pẹ̀lẹ́ sọ tiwọn. Mo ní kí wọ́n wo èjìká ìyá wọn. Ilé dákẹ́. Bọ̀dá bẹ ìyá wọn, wọ́n sì bẹ àbúrò wọn.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí kò ṣòro. Àwọn tó wà l’Ékòó ń san owó fún obìnrin opó kan ládùúgbò tó ń wá sun tì Bàbá ní àwọn alẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, Ìyá á sì lọ sùn nílé àbúrò wọn ní Àlékùwódò. Kì í ṣe nínú ilé kan náà. Mo tẹnu mọ́ èyí, nítorí bí wọ́n bá gbọ́ ìró bàtà Bàbá, wọ́n á dìde. Èyí àbíkẹ́yìn ń ti Ìbàdàn wá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á padà lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n gbé ìdè ilẹ̀kùn lọ sókè pátápátá, níbi tí ojú Bàbá kì í tètè dé. Mo sì kọ́ wọn ní ohun kan tí mo ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń ṣarán: kí wọ́n má bá Bàbá jiyàn pé kò sí ọkọ̀. Kí wọ́n ní ọkọ̀ ti yẹ̀ di ọ̀la. Òṣìṣẹ́ réluwéè ni wọ́n, wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń yẹ̀. Wọ́n á ní “ó dáa,” wọ́n á sì padà sórí ibùsùn. Kì í ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Egbò Ìyá jiná. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ rọ̀, ẹran pupa kéékèèké wá bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàárín rẹ̀, ìyẹn ni ohun tí ojú nọ́ọ̀sì máa ń wá. Mi ò ní sọ pé oorun nìkan ló wò ó. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin, opó yẹn sì máa ń bá wọn gbé ìkòkò kí ó tó lọ sílé láàárọ̀. Egbò ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀rí fún gbogbo ayé, ìdí nìyẹn tí ìwádìí fi wà. Ohun tí mo lè sọ ni pé báńdéèjì kò yí padà, omi iyọ̀ tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́ kò yí padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí tó wá ń sọ fún ẹlẹ́gbò pé wàhálà ló fà á, láìtíì wọn ṣúgà rẹ̀, kò gbọ́ mi yé. Egbò tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì láìsún kì yẹ kó dé ọwọ́ oníṣègùn, kí wọ́n yẹ gbogbo nǹkan tó kù wò. Inú mi kì í sì í dùn bí wọ́n bá ń sọ fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ pé ìrònú rẹ̀ ló fà á. Àwọn ìwádìí tí mo kà wọ̀nyí kò sọ bẹ́ẹ̀, ìkà sì ni. Bákan náà, ìwádìí àwọn Glaser ní ọdún 1996 fi hàn pé ara àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dáhùn sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn líle bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Kì í ṣe ìdí láti sá fún àjẹsára nìyẹn. Ìdí láti fún olùtọ́jú nísinmi ni.

Láti ìgbà náà, mo ti yí bí mo ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ padà. Ní kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn gbogbo ní ilẹ̀ yìí, ẹ ó rí ìyàwó, ìyá tàbí ọmọ tó tẹ́ ẹní sílẹ̀, tó ń ṣọ́ aláìsàn. A ń rán wọn lọ ra òògùn, a ń rán wọn lọ sanwó, a kì í béèrè bí ara tiwọn ṣe rí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, mo sì ń bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n sùn kẹ́yìn lórí ibùsùn ara wọn àti ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn fún alẹ́ kan. Ẹ̀yìn káàdì aláìsàn ni mo ń kọ ìdáhùn sí. Ọ̀gá dókítà wa kọ́kọ́ béèrè pé kí ni mò ń kọ síbẹ̀. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí àwọn nọ́ọ̀sì yòókù náà máa ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní àwọn máa ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn tí a ó máa lò fún àwọn tó bá aláìsàn wá nìkan.